Lílo Ìwé Aláwòrán Láti Kọ́ Àwọn Ọmọdé Nípa Àìsàn Tí Kò Wọ́pọ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Abidjan

Àwọn kókó pàtàkì

• Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àìsàn tí kò wọ́pọ̀ ni èyí tí kò mú ju ẹni 1 lọ nínú ènìyàn 2,000. Irú àìsàn bẹ́ẹ̀ tí a ti mọ̀ ju 6,000 lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ àjogúnbá, ọ̀pọ̀ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà èwe.
• Nítorí pé àìsàn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ó lè ṣẹlẹ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti rí i rí. Ìwé aláwòrán lè fi í han ọmọ kí ó tó bá a pàdé.
• Ìwé tí ó dára ń ṣe ohun mẹ́ta: ó ń pe àìsàn náà ní orúkọ rẹ̀, ó ń sọ ohun tí ó fà á àti ohun tí kò fà á, ó sì ń fún ọmọ ní ohun kan pàtó tí ó lè ṣe.
• Àfín àti hemofílíà kì í ràn. Egbò Búrúlì kì í sábà ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn.
• Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn tí egbò Búrúlì ń mú tí wọn kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láìsí ìrora, oògùn sì wà fún un.
• Ìwé aláwòrán kò lè gba ipò àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ọmọ dé ibẹ̀ ní àkókò.

Àkópọ̀

Nígbà tí ibà bá mú ọmọ ní Abidjan, kì í pẹ́ kí àwọn ará ilé tó mọ ohun tí ó ń ṣe é. Ìyá ti rí i rí, ìyá àgbà ti rí i rí, aládùúgbò sì mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ jù. Àìsàn tí kò wọ́pọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ni ó ní i nínú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, kí olùkọ́ rẹ̀ má tíì gbọ́ orúkọ àìsàn náà rí, kí nọ́ọ̀sì tí ó kọ́kọ́ rí ọmọ náà sì má tíì tọ́jú irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Níbi tí ìmọ̀ kò bá sí, ìtumọ̀ mìíràn ni yóò dúró sí àyè rẹ̀. Wọ́n lè sọ pé èpè ni, tàbí pé àfiṣe ni, tàbí pé ìyá ọmọ ni ó jẹ ohun tí kò yẹ kí ó jẹ nígbà tí ó lóyún.

Àkókò tí a bá fi ń wá irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ kiri ni àìsàn náà fi ń gbilẹ̀. Egbò tí ì bá fi oògùn nìkan jinná lè mú kí apá ọmọ má ṣe é nà mọ́. Awọ ara tí fìlà àti aṣọ ì bá dáàbò bò lè ní àrùn jẹjẹrẹ kí ẹni tí ó ni ín tó pé ogójì ọdún. Ọmọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá fún lè fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láìpé ọjọ́.

Ìwé aláwòrán ni ìwé tí àwòrán inú rẹ̀ ń sọ ìtàn pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀, débi pé ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà lè tẹ̀lé e. Àwọn àgbà sọ pé ojú tí ó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù. Ọmọ tí ó ti rí ọmọ àfín nínú ìwé, tí ó mọ orúkọ rẹ̀, tí ó sì mọ irú eré tí ó fẹ́ràn, kò ní sá nígbà tí ọmọ àfín bá wọ kíláàsì rẹ̀. Ọmọ tí ó ti rí àwòrán kókó kékeré tí kì í dunni lábẹ́ awọ ara yóò rántí rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá fọwọ́ kan irú rẹ̀ ní ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ìdí tí àwòrán fi ṣe pàtàkì ní Abidjan

Ọ̀pọ̀ èdè ni a ń sọ ní Abidjan. Èdè Faransé ni a fi ń kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́, Jùlá sì gbòde ní ọjà púpọ̀. Ní ilé, ọmọ lè máa gbọ́ Baoulé, Bété, Mooré tàbí Yorùbá. Àwọn Yorùbá, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Ànàgó, ti ń gbé ní Treichville, Adjamé àti àwọn àdúgbò mìíràn fún ìran púpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì wá láti Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ìyá tí ń tajà lè gbọ́ Yorùbá àti Jùlá dáadáa, kí ó má sì lè ka ìwé Faransé tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn. Ọmọ rẹ̀ lè ka ìwé náà sókè, ṣùgbọ́n kí àwọn ọ̀rọ̀ ìṣègùn inú rẹ̀ má yé e.

Àwòrán ni ìyá àti ọmọ jọ lè kà. Ọmọ yóò ka ọ̀rọ̀ Faransé, yóò nawọ́ sí àwòrán, ìyá yóò sì fi Yorùbá béèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Báyìí ni ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera ṣe ń dé inú ilé. Ìdí mìíràn tún wà. Ní ilé púpọ̀, ẹ̀gbọ́n ni ó ń wẹ àbúrò, òun ni ó ń wọṣọ fún un, òun náà ni ó ń mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Òun ni ó lè kọ́kọ́ rí orúnkún tí ó wú tàbí kókó tí kò sí níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ẹni tí ó kọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní ohun tí ó yẹ kí ó wò ti kọ́ olùtọ́jú àwọn ọmọ mìíràn nínú ilé náà.

Ìwé ọmọdé ní Côte d'Ivoire

Ìwé ọmọdé kì í ṣe ohun àjèjì ní Abidjan. Ní 1996, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Nouvelles Éditions Ivoiriennes tẹ Le petit garçon bleu jáde, ìwé tí Fatou Keïta kọ nípa ọmọkùnrin kan tí awọ ara rẹ̀ jẹ́ búlúù. Véronique Tadjo, tí ó dàgbà ní Abidjan, máa ń kọ ìtàn fún àwọn ọmọdé, ó sì máa ń ya àwòrán wọn fúnra rẹ̀. Marguerite Abouet, tí a bí ní Abidjan, tí ó sì kọ Aya de Yopougon, dá ẹgbẹ́ Des livres pour tous sílẹ̀ kí àwọn ọmọ àdúgbò lè ní ilé ìkàwé.

Irú ìtàn bí ti ọmọ aláwọ̀ búlúù wúlò púpọ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Kò sí ọmọ aláwọ̀ búlúù ní ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Nítorí náà, kíláàsì lè jíròrò bí ó ṣe ń rí lára ọmọ tí ó yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, láìsí pé gbogbo ojú yíjú sí ọmọ kan láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ìtàn àròsọ kò lè sọ fún ọmọ àfín pé kí ó wọ aṣọ alápá gígùn, kò sì lè sọ fún olùkọ́ pé kí ó fi ọmọ náà jókòó sí iwájú. Ìwé ìtàn ń múra ọkàn sílẹ̀, ìwé ìlera sì ń fi ìmọ̀ sí i. Ó dára kí a lo méjèèjì, kí ìtàn sì ṣáájú.

Ohun mẹ́ta tí ìwé gbọ́dọ̀ ṣe

Èkíní ni orúkọ. Àìsàn tí a kò dárúkọ máa ń di ohun ẹ̀rù lọ́kàn ọmọ. Ìwé gbọ́dọ̀ pe àìsàn náà ní orúkọ tí dókítà ń pè é, kí ó sì fi orúkọ tí a ń lò nílé tì í, bí orúkọ náà kò bá jẹ́ èébú.

Èkejì ni ohun tí ó fà á. Ọmọdé sábà máa ń rò pé ẹ̀ṣẹ̀ òun, tàbí ìwà tí òun hù, ni ó fa àìsàn òun tàbí ti àbúrò òun. Kò tó kí ìwé sọ ohun tí ó fa àìsàn. Ó tún gbọ́dọ̀ sọ ohun tí kò fà á, ní gbólóhùn tí ó ṣe kedere.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ọmọ lè ṣe. Ìwé tí ó bá kún fún àánú nìkan yóò mú kí ọmọ sunkún, lẹ́yìn náà yóò gbàgbé. Bí ìwé bá fún un ní iṣẹ́ kan ṣoṣo, bíi kí ó sọ fún àgbàlagbà lọ́jọ́ kan náà, yóò rántí. Àwọn àpẹẹrẹ mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e fi bí èyí ṣe lè rí hàn.

Àpẹẹrẹ kìíní: àfín

Ara ọmọ àfín kì í ṣe èròjà tí ń fún awọ, irun àti ojú ní àwọ̀ tó bí ó ti yẹ. Mẹ́lánìn ni orúkọ èròjà yìí, òun ló sì ń dáàbò bo awọ ara lọ́wọ́ oòrùn. Nínú irú àfín tí ó pọ̀ jù, ọmọ ń jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òbí méjèèjì lè dúdú. Ní ìsàlẹ̀ Sàhárà, a ń rí ẹni 1 tí ó jẹ́ àfín nínú iye ènìyàn tí ó wà láàárín 5,000 sí 15,000. Àfín kì í ràn. Ọpọlọ ọmọ àfín kò yàtọ̀ sí ti ọmọ mìíràn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í sábà ríran jìnnà, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń pọ́n ọn lójú.

Láàárín àwọn Yorùbá, a máa ń pe àfín ní ẹni òrìṣà nítorí Ọbàtálá. Ọ̀wọ̀ wà nínú orúkọ yìí, ṣùgbọ́n ó tún lè ya ọmọ sọ́tọ̀ kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé sì gbàgbọ́ pé àfín kò gbọ́dọ̀ jẹ iyọ̀, pé iyọ̀ ni ó ń fa àmì dúdú tí ó máa ń yọ sí awọ ara rẹ̀. Kì í ṣe iyọ̀ ni ó fà á. Oòrùn ni. Òbí tí ó bá yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ ọmọ, tí ó sì jẹ́ kí ó máa ṣeré nínú oòrùn ọ̀sán láìdé fìlà, ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí ewu kò gbà wọlé.

Nínú ìwé, ó yẹ kí àwòrán kan fi oúnjẹ àárọ̀ hàn, kí ọmọ àfín àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ máa jẹun láti inú àwo kan náà. Àwòrán tí ó tẹ̀lé e lè fi bí ó ṣe ń múra hàn: aṣọ alápá gígùn, akẹtẹ̀ etí gbígbòòrò, ìpara tí ń dáàbò boni lọ́wọ́ oòrùn níbi tí a bá ti rí i. Lẹ́yìn èyí, kíláàsì: ọmọ náà jókòó sí iwájú, ojú fèrèsé sì wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà bá a lójú. Iṣẹ́ tí ìwé fún ọmọ àfín ni kí ó dé fìlà rẹ̀ lójoojúmọ́. Iṣẹ́ tí ó fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n gbé eré wọn wá sábẹ́ igi.

Àpẹẹrẹ kejì: hemofílíà

Hemofílíà ni àìsàn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì bí ó ti yẹ. Ọmọkùnrin ni ó sábà máa ń mú. Irú tí ó wọ́pọ̀ jù, tí a ń pè ní hemofílíà A, máa ń wà lára ọmọkùnrin bíi 1 nínú 5,000 tí a bí. Ìyá ni ó sábà máa ń gbé jíìnì rẹ̀ fún ọmọ, láìsí àìsàn kankan lára òun fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ tí wọ́n ní i, kò sí ẹni tí ó ní i rí nínú ẹbí wọn. Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ dá ìyá lẹ́bi.

Àmì àkọ́kọ́ lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí kò dá lẹ́yìn tí wọ́n dá abẹ́ fún ọmọkùnrin. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ara rẹ̀ á máa lé ibi dúdú, orúnkún tàbí ìgúnwọ́ rẹ̀ á sì máa wú. Ẹ̀jẹ̀ tí ń dà sínú oríkèé ni ó ń fa wíwú yìí. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra láìsí ìtọ́jú, oríkèé náà yóò bàjẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tí ó bá dà sínú orí lè pa ọmọ.

Ìṣòro ayàwòrán ni pé a kì í rí hemofílíà lójú. Ọ̀nà kan ni kí ó ya inú orúnkún bí ilé tí ògiri rẹ̀ sán, kí àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké sì máa to búlọ́ọ̀kù láti dí i. A fi nọ́ńbà sí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. Nínú hemofílíà A, búlọ́ọ̀kù kẹjọ ni ó sọnù tàbí tí kò tó. Nínú hemofílíà B, ìkẹsàn-án ni. Iṣẹ́ náà kò lè parí títí dókítà yóò fi gbé búlọ́ọ̀kù tí ó kù wá. Àwòrán yìí bá òtítọ́ mu, nítorí pé àwọn èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ní nọ́ńbà, èròjà tí ó kù sì ni a ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ láti fi tọ́jú rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ìwé fún ọmọ ni kí ó sọ fún àgbàlagbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ó bá fi orí gbá nǹkan, tàbí bí oríkèé rẹ̀ bá gbóná, tí ó sì ń le. Iṣẹ́ tí ó fún òbí ni kí ó má fún un ní asipirín tàbí ibuprofen, kí ó jẹ́ kí oríkèé náà sinmi, kí ó sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọ́dọ̀ gún un ní abẹ́rẹ́ inú iṣan ẹran ara láìgba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀. Ní Abidjan, ẹ̀ka ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn yunifásítì wà lára ibi tí a ti ń tọ́jú àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Àpẹẹrẹ kẹta: egbò Búrúlì

Egbò Búrúlì kì í ṣe àjogúnbá. Kòkòrò bakitéríà tí a ń pè ní Mycobacterium ulcerans ni ó ń fà á. Agbègbè Buruli ní Ùgáńdà ni ó ti gba orúkọ rẹ̀. Ìgbèríko ni ó ti wọ́pọ̀ ju ìlú ńlá lọ, nítorí náà òṣìṣẹ́ ìlera ní Abidjan lè má rí i fún ìgbà pípẹ́, títí ọmọ tí ó lo ìsinmi rẹ̀ ní abúlé yóò fi gbé e wá.

Kòkòrò yìí ń tú oró kan jáde tí ń pa ẹran ara, tí kì í sì í jẹ́ kí ara jagun padà. Ìdí nìyí tí àìsàn náà fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láìsí ìrora àti láìsí ibà: kókó kékeré lábẹ́ awọ, tàbí ojú ara tí ó le tí ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí apá àti ẹsẹ̀ tí ó wú. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, yóò bẹ́ di egbò àdáìjinná. Bíi ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún máa ń wà ní ẹsẹ̀, ìdá 35 ní apá, ìdá 10 tí ó kù sì wà ní ibòmíràn lára.

Ọmọ tí nǹkan kò dùn kì í ké. Ìyá tí ọmọ kò ké sí kì í wò. Ìrora, tí ó máa ń rán ọmọ sí àgbàlagbà nínú àìsàn mìíràn, kò ṣiṣẹ́ níhìn-ín, àwòrán ni ó gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nínú àwọn àpẹẹrẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibí yìí ni ìwé aláwòrán ti lè ṣe àǹfààní tí ó tètè hàn jù.

Ojú ìwé mẹ́fà tó fún un:

1. Ọmọbìnrin kan ń wẹ àbúrò rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín.
2. Ọwọ́ rẹ̀ kan kókó kékeré kan ní ẹsẹ̀ àbúrò. Ó béèrè bóyá ó ń dun ọmọ náà. Ó ní kò dun òun.
3. Ó sọ fún ìyá wọn lọ́jọ́ náà gan-an.
4. Nọ́ọ̀sì wo ẹsẹ̀ náà. Ó ní kì í ṣe àfiṣe, kòkòrò ni, oògùn sì wà fún un.
5. Kàlẹ́ńdà ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ọmọ náà ń fi àmì sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá lo oògùn.
6. Ẹsẹ̀ ti jinná. Àpá kékeré wà níbẹ̀. Ọmọ náà ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ojú ìwé karùn-ún bá ìtọ́jú tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí mu: oògùn rifampicin pẹ̀lú clarithromycin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bí egbò bá ti tóbi kí a tó bẹ̀rẹ̀, aláìsàn lè nílò iṣẹ́ abẹ, àlẹ̀mọ́ awọ àti ìdárayá kí oríkèé má baà le. Yàrá àyẹ̀wò Institut Pasteur ní Abidjan lè fi ìdí àìsàn náà múlẹ̀, Institut Raoul Follereau ní Adzopé sì jẹ́ ibi tí a mọ̀ fún ìtọ́jú rẹ̀. Fún àwọn Yorùbá tí wọ́n wà ní ààlà Nàìjíríà àti Benin, ibùdó ìtọ́jú wà ní Pobè, níbi tí a ti ń sọ èdè Nàgó.

Bí a ṣe ń yan àwòrán

• Kí awọ ara inú àwòrán jẹ́ irú awọ àwọn ọmọ tí yóò kà á. Kókó lórí awọ dúdú kò rí bákan náà pẹ̀lú ti orí awọ funfun.
• Kí ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn hàn kedere. Kò yẹ kí a fi egbò tí ó burú jù kún ojú ìwé. Ọmọ tí ẹ̀rù bá bà yóò pa ìwé dé, èyí tí ó sì ní kókó kékeré lè rò pé tòun kọ́ nìyẹn.
• Kí ọmọ tí ó ní àìsàn ní orúkọ, ọ̀rẹ́ àti eré tí ó fẹ́ràn. Kí ó má jẹ́ pé ibùsùn nìkan ni a ti ń rí i.
• Kí ilé ìwòsàn inú ìwé jọ èyí tí ọmọ mọ̀ ní àdúgbò rẹ̀.
• Kí gbólóhùn má ju méjì lọ ní ojú ìwé kan.

Bí a ṣe ń ka ìwé náà pẹ̀lú àwọn ọmọdé

Kí òṣìṣẹ́ ìlera tó ka ìwé ní kíláàsì tí ọmọ kan ti ní àìsàn náà, ó gbọ́dọ̀ bá ọmọ náà àti àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí ó sì gba àṣẹ wọn. Bí wọn kò bá fẹ́, kí ó má kà á níbẹ̀, tàbí kí ó ka ìwé ìtàn tí kò dárúkọ àìsàn kankan.

Nígbà kíkà, kí ó kọ́kọ́ fi àwòrán hàn láìka ọ̀rọ̀, kí ó béèrè ohun tí àwọn ọmọ rí. Ìdáhùn wọn yóò fi ohun tí wọ́n ti gbọ́ nílé hàn. Bí ọmọ kan bá ní àjẹ́ ni ó fà á, kí ó má bá a wí, kí ó má sì fi òbí rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ ọ́, kí ó sì ṣí ojú ìwé tí ó sọ ohun tí ó fa àìsàn náà.

Lẹ́yìn kíkà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun kan tí yóò ṣe. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ìwé náà bá ọmọ dé ilé fún alẹ́ ọjọ́ kan.

Ìbéèrè tí àwọn ọmọdé máa ń béèrè

"Ṣé mo lè kó o?" Rárá, fún àfín àti hemofílíà. Ní ti egbò Búrúlì, a kò tíì mọ ọ̀nà tí kòkòrò náà ń gbà dé ara ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í sábà ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn. Ẹ lè jọ jókòó, ẹ lè jọ jẹun, ẹ lè jọ ṣeré.

"Ta ni ó fà á?" Kò sí ẹni tí ó fà á. Kì í ṣe ìwọ, kì í ṣe ìyá rẹ, kì í ṣe aládùúgbò.

"Ṣé yóò lọ?" Egbò Búrúlì lè jinná pátápátá bí a bá tètè tọ́jú rẹ̀. Àfín àti hemofílíà kì í lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá ń tọ́jú dáadáa lè dàgbà, kí ó kàwé, kí ó sì ṣiṣẹ́.

"Ṣé yóò kú?" Ìbéèrè yìí kò yẹ fún irọ́. Kí òṣìṣẹ́ ìlera sọ pé àìsàn náà lè léwu, pé ìdí nìyẹn tí fìlà, oògùn tàbí abẹ́rẹ́ fi wà, kí ó sì sọ ohun tí àwọn àgbàlagbà ń ṣe kí ewu náà má baà ṣẹlẹ̀.

Ìgbà tí ó yẹ kí a mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn

• Kókó, wíwú tàbí ojú ara líle tí kò dun ọmọ, tí kò sì lọ.
• Egbò tí kò jinná, pàápàá lára ọmọ àfín.
• Ẹ̀jẹ̀ tí kò dá lẹ́yìn ìdábẹ́, eyín yíyọ tàbí ìfarapa kékeré.
• Oríkèé tí ó wú, tí ó sì gbóná. Kí a lọ lọ́jọ́ kan náà.
• Ọmọ tí ó bá fi orí gbá nǹkan, bí a bá mọ̀ pé ó ní hemofílíà. Kí a lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà bí kò bá tíì ké.

Ojúṣe àwọn orílẹ̀-èdè àti àwọn àjọ

Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 1989 sọ nínú Abala 17 pé kí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ìwúrí fún títẹ ìwé ọmọdé àti pípín in kiri. Ní oṣù Keje 1998, ìpàdé àgbáyé tí a ṣe ní Yamoussoukro, olú-ìlú Côte d'Ivoire, gbé ìkéde jáde láti dojú kọ egbò Búrúlì. Láti 2015 ni a ti ń ṣe Ọjọ́ Àfín Àgbáyé ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà lọ́dọọdún. Ní oṣù Kejìlá 2021, Àpéjọ Gbogbogbòò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìpinnu lórí àwọn ènìyàn tí wọ́n ní àìsàn tí kò wọ́pọ̀ àti àwọn ẹbí wọn.

Ní ilé ìwòsàn àdúgbò, ojúṣe náà kò ju kí ìwé kan tàbí méjì wà lórí tábìlì níbi tí àwọn ìyá ti ń dúró de nọ́ọ̀sì, kí ọwọ́ ọmọ lè tó o, kí nọ́ọ̀sì tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì ti kà á tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí ó bá gbé e, tí ó nawọ́ sí àwòrán kan, tí ó sì ní, "Màmá, irú èyí wà ní ẹsẹ̀ àbúrò mi", ti ṣe ohun tí ìwé náà wà fún.